Ilé Tí Mo Fọwọ́ Sí Pé Yóò Wó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Épírì 2025

Bọ̀dá Sylvester pè mí láti Houston láàárọ̀ yìí. Mo wà ní ọ́fíìsì ní Yaba, iná ò sí, ooru ń bá mi jà. Kò kí mi pẹ́. Ó ní kí n lọ wo ilé àwọn òbí òun ní Èbúté Mẹ́ta, kí n sì kọ ìwé pé kò ṣe é gbé mọ́.

Mo ní, "Bọ̀dá, mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ṣe é gbé?"

"Àmínát, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1921! Kí lo tún fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀? Dádì ò ríran mọ́. Mọ́mì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n ní ilé ńlá ní Surulere, kò sẹ́ni tó ń gbé inú ẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, Mọ́mì ò gbọ́ tèmi. Ó máa gbọ́ tìẹ."

Òótọ́ ni, ó máa gbọ́ tèmi. Ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi. Màámi ló ń dáná fún wọn, yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì lẹ́yìn ni èmi àtiẹ̀ ń sùn. Nígbà tó kú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Mọ́mì ò jẹ́ kí wọ́n gbé mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rán mi nílé ìwé títí mo fi di ẹnjiníà.

Kí Bọ̀dá tó gé fóònù, ó ní àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà máa kọ́ ilé alájà mẹ́sàn-án síbẹ̀, òun á sì rí i pé èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún. Mo ní màá rò ó. Mo ti rò ó tán kó tó dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Épírì

Mo lọ. Mọ́mì wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù, ó fi péálì sọ́rùn, bí ẹni pé ìyàwó gómìnà ló ń bọ̀ wá kí i. Ó fi kọ́ọ̀pù ẹlẹ́nu wúrà gbé tíì fún mi. Àwòrán ìgbéyàwó wọn ṣì wà lórí dùùrù: òun rèé, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó fi ìbọ̀wọ́ funfun di apá Dádì mú, gbogbo Èkó sì ń wo wọn. Ní 1966 nìyẹn.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé Sylvester ló rán ẹ. Kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ fún ẹ, Surulere yẹn, fáàrí la fi ń ṣe. Mínísítà jó níbẹ̀, òyìnbó jó níbẹ̀. A máa ń pa ọ̀rá sí ilẹ̀ mábù yẹn kó lè máa yọ̀. Tí ayẹyẹ bá ti parí, Dádì á ní, 'Mabel, jẹ́ ká máa lọ sílé,' ibí yìí la sì máa ń bọ̀."

Dádì dé látorí òkè, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ojú ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́fà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìrókò yẹn bí ọmọdé. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ síbi fèrèsé ńlá tí bàbá ẹ̀ kó gíláàsì ẹ̀ wá láti òkè òkun. Ó ń fi ìka tọ́ gíláàsì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí pupa. Èyí àwọ̀ ewé. Èyí, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ara wọn." Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Mo fi òòlù kan ògiri níbi mẹ́ta. Mo ya fọ́tò díẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí mo fi jáde. Munirah, tó ń dáná fún wọn báyìí, ń kọrin ní kíṣìnnì lẹ́yìn. Mi ò dé ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, 14 Épírì

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́fà. Mo kọ ọ́ pé òpó iwájú ti ń rì, pé báńkónì òkè lè já nígbàkígbà. Mo fi òǹtẹ̀ mi lù ú, mo fọwọ́ sí i.

Òpó iwájú ò rì.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Épírì

Ọjọ́ Àjíǹde. Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, fìlà ṣì wà lórí ẹ̀. Ó jókòó, ó fi awò sójú, ó ka ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò fo ìkankan. Èmi jókòó síwájú ẹ̀, mò ń wo bàtà mi.

Nígbà tó kà á tán, ó yọ awò ojú.

"Àmínát, ṣé ìwọ fúnra ẹ lo rí gbogbo eléyìí? Kì í ṣe pé Sylvester ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Mo rí i, mà."

"O fi ojú ara ẹ rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ká ìwé náà, ó gbé e sórí itan. "Ó dáa, a máa lọ. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló kọ ọ́, mi ò bá fà á ya."

Ọjọ́rú, 23 Épírì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Mé

Wọ́n kó. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Àwọn tó ń kó ẹrù fọ́ kọ́ọ̀pù ẹlẹ́nu wúrà méjì, Mọ́mì ò bínú sí wọn, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó fúnra ẹ̀ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ọwọ́ ẹ̀.

Dádì ní òun ò wọ mọ́tò kí òun tó yí ilé náà po. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó yí i po látọ̀tún dósì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ òpó iwájú, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ já mi kulẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Mé

Mo lọ kí wọn ní Surulere. Wọ́n ti nu mábù, iná gíláàsì ńlá tó rọ̀ sáàárín pálọ̀ ṣì ń dán bíi ti 1973. Ilé tó lẹ́wà ni, èèyàn ò lè pè é ní nǹkan míì. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Ní Èbúté Mẹ́ta, ibi yòówù kí Dádì dúró sí, tó bá na ọwọ́, á kan nǹkan tó mọ̀. Níbí, ó dúró sáàárín pálọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò kan nǹkan kan. Ó ní, "Munirah, níbo ni ògiri wà?"

Munirah sáré wá dì í mú.

Bọ̀dá Sylvester ti fi àwòrán ilé alájà mẹ́sàn-án ránṣẹ́. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé tí mi ò bá sọ òótọ́ nínú ìwé yìí, mi ò mọ ibi tí mo tún ti máa sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Mé

Sìmẹ́ǹtì ti di ẹgbàárùn-ún náírà àpò kan. Òjò ní gbogbo ọ̀sán. Wọ́n ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, àwọn awólé máa bẹ̀rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní ọjọ́ keje oṣù Júláì.

Ọjọ́rú, 28 Mé

Dádì ṣubú.

Àwọn tó kọ́ ilé Surulere gbẹ́ pálọ̀ ẹ̀ wọnú ilẹ̀ bíi kòtò onígun mẹ́rin, àtẹ̀gùn mẹ́rin la fi ń sọ̀ kalẹ̀ síbi tí àwọn àga wà. Àrà ìgbà yẹn ni. Dádì ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń ka ìṣísẹ̀ bó ṣe máa ń kà á ní Èbúté Mẹ́ta. Ìṣísẹ̀ ilé kejì ló ń kà. Ó rìn tààrà wọ inú kòtò náà.

Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Mo bá Mọ́mì ní ọsibítù, ó jókòó ṣánṣán, péálì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó ní, "Ó ṣáà dáa pé a kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé báńkónì yẹn ló já lé e lórí ńkọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Mé

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní ó máa yè. Àmọ́ kò ní lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láyé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Júùnù

Iléyá. Mo gbé ẹran lọ fún wọn ní Surulere bí Màámi ṣe máa ń ṣe. Dádì ti padà sílé, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ó ní, "Ẹ ṣí fèrèsé yẹn, kí oòrùn gba inú gíláàsì wọlé." Gíláàsì aláràbarà ò sí nílé yẹn. Mọ́mì dìde, ó ṣí fèrèsé funfun tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ó ti ṣí, olówó orí mi."

Nígbà tí mo délé, Múyìwá ọkọ mi bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní, "O ti ṣe é, ó ti bọ́. Ṣáà máa tọ́jú wọn."

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Júùnù

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n Oyèwọlé, tó ní ilé ìtẹ̀wé níwájú ilé Èbúté Mẹ́ta, pè mí. Ó ń pariwo. Ó ní ògiri kíṣìnnì ti wó, pé òun gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá kọlu nǹkan.

Mo sáré débẹ̀. Ògiri kíṣìnnì ti bo gbogbo ibi tí sítóòfù wà. Bíríkì pupa, erùpẹ̀, igi òrùlé, gbogbo ẹ̀ jọ wà nílẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni Munirah máa ń dúró gan-an síbẹ̀.

Kí n tó padà dé Yaba, gbogbo wọn ti gbọ́. Bọ̀dá Sylvester ń fò sókè lórí fóònù. "Ṣé o rí i? Àmínát, ṣé o rí i? Ọlọ́run ló lò ẹ́!"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Júùnù

Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí. Munirah kúnlẹ̀ lórí mábù, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbà mí là. Ǹ bá ti kú. Àwọn ọmọ mi ì bá ti di aláìníyàá." Mo ní kó dìde. Kò dìde.

Mọ́mì mú mi jókòó tì í. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí Dádì ti ṣubú ni mo ti ń bínú sí ẹ nínú ọkàn mi. Mò ń sọ nínú ara mi pé, tí kì í bá ṣe ìwé ọmọ yìí ni, a ò bá wà nílé wa. Mi ò fi hàn ẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí mi." Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Dárí jì mí, Àmínát."

Mo ní, "Kò sí nǹkan tí ẹ ṣe, mà." Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo bá a sọ láti oṣù méjì nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Júùnù

Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo gbé gbogbo irinṣẹ́ mi, mo lọ yẹ ilé Èbúté Mẹ́ta wò láti àárọ̀ di aago mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ní tòótọ́ rèé.

Òpó iwájú dúró ṣánṣán. Báńkónì le koko, igi méjì péré ló fẹ́ ká pààrọ̀. Ògiri ńlá, ìpìlẹ̀, àtẹ̀gùn, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ilé náà lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún míì.

Kíṣìnnì nìkan. Páìpù tó ń gbé omi òjò láti orí òrùlé ti bẹ́ lẹ́yìn ògiri, ó ti ń da omi sí ìdí ẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ògiri yẹn ti là láti ìsàlẹ̀ dé òkè kó tó wó. Mo rí ojú ibi tó ti là lára àwọn bíríkì, ewé ti hù sínú ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kìíní ì bá rí i lọ́jọ́ kọkànlá Épírì, ká ní ó dé ẹ̀yìn.

Mi ò dé ẹ̀yìn nítorí pé yàrá Màámi wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá rí yàrá yẹn, mi ò ní lè kọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Torí náà, mo fi Munirah sílẹ̀ lábẹ́ ògiri tó ń wó, mo lọ parọ́ mọ́ òpó tó dúró. Orí ló kó o yọ. Kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Júùnù

Mo múra láti lọ sọ fún Mọ́mì. Mo bá àwọn ìyá ìjọ mẹ́fà níbẹ̀. Ó di apá mi mú, ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ tí mo ń sọ fún yín. Ọmọ tí mo tọ́ ló gba ẹ̀mí wa là." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí. Mo jẹ kéèkì, mo mu ohun ẹlẹ́rìndòdò, mo padà sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Júùnù

Múyìwá ní, "Ta ló fẹ́ mọ̀? Ògiri ti wó, ó ti jẹ́rìí fún ẹ. Tó o bá la ẹnu ẹ, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ, ilé alájà mẹ́sàn-án á lọ, Mọ́mì á sì banú jẹ́. Ta ló máa jèrè nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Ní ọjọ́ keje wọ́n máa wó ilé tí kò ṣe nǹkan kan."

"Ilé ni, Àmínát. Kì í ṣe èèyàn."

Mo ronú lé e ní gbogbo ọ̀sán. Tó bá jẹ́ ilé nìkan ni, bóyá màá gbà fún un. Ṣùgbọ́n Mọ́mì bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Júláì

Mo kọ lẹ́tà pé mo fa ìwé àyẹ̀wò mi sẹ́yìn, pé irọ́ wà nínú ẹ̀, pé mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mo so ìwé àyẹ̀wò tuntun mọ́ ọn. Mo fúnra mi gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó fọwọ́ sí wíwó ilé náà. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Mà, ṣé ẹ mọ ohun tí lẹ́tà yìí máa ṣe fún yín? Ẹ lè kàn kọ ọ́ pé ẹ ṣàṣìṣe."

Mo ní, "Mi ò ṣàṣìṣe."

Ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júláì

Mo sọ fún wọn. Yàrá Dádì ni, Dádì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Mọ́mì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Munirah ń ká aṣọ. Mo kúnlẹ̀. Mi ò dárúkọ Bọ̀dá Sylvester. Ó bẹ̀ mí ni, kò di ọwọ́ mi mú kọ̀wé. Mo sọ ti òpó. Mo sọ ti báńkónì. Mo sọ pé mi ò dé kíṣìnnì rárá, pé bí ògiri yẹn ṣe wó, ó kàn ṣe kòńgẹ́ irọ́ mi ni. Mo sọ ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi.

Munirah jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

Mọ́mì ò pariwo. Ó ní, "Mo bi ẹ́ léèrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọjọ́ Àjíǹde. Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bi ẹ́ léèrè ilé o, Àmínát. Mo ti mọ̀ pé ilé lè wó. Ìwọ ni mo ń bi léèrè."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Dádì yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Àbí ta ló ń sunkún níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Àmínát ni, sà."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé."

Mo dìde, mo lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Júláì

Bọ̀dá Sylvester pè. Ó pè mí ní aláìmoore, ọmọ alásè tí wọ́n sọ di èèyàn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá." Ó dúró kí n bá òun jà. Nígbà tí mi ò jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Èmi ni mo gbé Dádì wọ kòtò yẹn." Mo ní, "Àwa méjèèjì ni."

Ọjọ́ Ajé, 7 Júláì

Àwọn awólé ò wá. Òjò rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Júláì

Àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àwa ẹnjiníà pè mí jókòó. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n fipá mú mi. Mo ní rárá. Wọ́n gba òǹtẹ̀ mi fún ọdún méjì. Ọ̀kan nínú wọn, tó kọ́ mi ní yunifásítì, ò lè wo ojú mi. Mo ti ti ọ́fíìsì Yaba pa.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Munirah pè mí ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní wọ́n ti tún ògiri kíṣìnnì mọ, wọ́n sì ti padà sí Èbúté Mẹ́ta lánàá, wọ́n sọ yàrá ìgbàlejò ìsàlẹ̀ di yàrá ìbùsùn nítorí Dádì. Lórí àga onítáyà ló wà. Ó ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n gbé òun lọ sókè. Mọ́mì náà ò gun òkè mọ́. Ó ní òun ò ní sùn níbi tí ọkọ òun ò lè dé.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ yín ló mú mi kúrò lábẹ́ ògiri. Irọ́ yín náà ló ṣẹ́ Dádì nídìí. Tí mo bá kírun, mi ò mọ bí mo ṣe máa fi yín sí àdúrà."

Mo ní, "Má fi mí sí i. Fi àwọn ọmọ ẹ sí i."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Mọ́mì fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò fi péálì sọ́rùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé, kò sì ní kí n máa lọ.

Mo kúnlẹ̀ síta níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mà."

Ó ní, "Mo ti forí jì ẹ́ níwájú Ọlọ́run, nítorí pé ó ní kí n ṣe é, mi ò sì fẹ́ bá a jiyàn lọ́jọ́ orí mi yìí. Kí èmi Mabel wá dárí jì ẹ́, ìyẹn kò tíì dé. Mò ń wá a, mi ò rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Máa wá ní Sátidé. Munirah ò lè dá gbé Dádì. Lọ́jọ́ tó bá dé, màá sọ fún ẹ."

Ó yà fún mi, mo wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Ọ́gọ́ọ̀sì

Oòrùn yọ díẹ̀. Mo bá Munirah wẹ̀ fún Dádì, mo gé èékánná ẹ̀. Ó bi mí bóyá òjò ti dá, mo ní ó ti dá. Mọ́mì jókòó nítòsí, ó ń ka ìwé ìròyìn sókè fún un. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n kí Múyìwá.

Kò tíì sọ ọ́.